Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ: Charles Lane nínú Sinimá Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ibi tí a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí ni ibi tí ẹnìkan ti ń fojú tín-ínrín ẹlòmíì. Wọ́n lè ní ọmọdé ni, wọ́n lè ní kò lówó, wọ́n lè ní kò ga. Ẹni tí wọ́n fojú di yóò pa òwe náà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni òwe ṣe di ohun tí ẹni kúkúrú fi ń gbèjà ara rẹ̀. Ìlò yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo adìẹ fúnra rẹ̀. Kí ni kì í gbé mì? Àgbàdo ń lọ, ekòló ń lọ, ikán ń lọ. Òkúta wẹẹrẹ pàápàá ń lọ, nítorí òkúta náà ni iwe rẹ̀ fi ń lọ oúnjẹ kúnná. Òkúta sì rèé, ó le. Kì í ṣe kíkéré, nígbà náà, ni kò jẹ́ kí adìẹ lè gbé abẹ́rẹ́ mì, kì í sì í ṣe líle. Ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ni. Ohun kékeré tí kò bá mú, adìẹ á gbé e mì láàárọ̀, a ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí alẹ́. Òwe náà kò fi kíkéré yin ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ìwọ tí o kéré yìí, kí ló wà lẹ́nu rẹ?

Òṣèré Amẹ́ríkà kan wà tí n kò rí ẹni tí òwe yìí bá mu jù ú lọ. Charles Lane ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ orúkọ náà rí. Púpọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá, ojú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò lójú, imú gígùn, ẹnu tí kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín, ohùn gbígbẹ tó ń yára bí ti ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíì. Akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò ní kó ṣe, tàbí agbowó-orí, tàbí lọ́yà, tàbí oníròyìn, tàbí adájọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn. Yóò wọlé, yóò sọ̀rọ̀ ṣókí, yóò jáde. Àwọn tó ń wòran nílé á sì pariwo pé, "Ọkùnrin yìí náà tún rèé!"

San Francisco ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1905. Charles Gerstle Levison ni àwọn òbí rẹ̀ pè é. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú náà ní oṣù kẹrin ọdún 1906, tí iná sì jó ibi tí ilẹ̀ kò wó. Ó yè é. Nígbà tó dàgbà, inṣọ́ránsì ni ó kọ́kọ́ ń tà, kó tó di pé Irving Pichel, òun náà òṣèré àti olùdarí eré, rọ̀ ọ́ pé kó gbìyànjú orí ìtàgé. Mo máa ń rò ó pé ibi tí wọ́n ti ń ta inṣọ́ránsì yẹn ni ó ti rí gbogbo akọ̀wé tí ó padà wá ń ṣe lójú àwòrán. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó dara pọ̀ mọ́ Pasadena Playhouse, ilé eré tó lókìkí ní California, ibẹ̀ ni ó sì gbà wọ sinimá. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Smart Money, jáde ní 1931. Edward G. Robinson àti James Cagney ni eré náà dá lé lórí. Lane? Akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì.

Owó ojúmọ́ ni irú àwọn òṣèré bíi tirẹ̀ ń gbà nígbà náà, dọ́là 35 lóòjọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ń ṣe fíìmù léraléra láìsinmi, ẹni tí kò bá pẹ́ lójú àwòrán kì í pẹ́ níbi iṣẹ́. Lọ́dún 1933 nìkan, fíìmù tí Lane kópa nínú rẹ̀ lé ní ogún. Bó bá ṣe tirẹ̀ tán níhìn-ín, ó di ibòmíràn. Ó máa ń sọ pé òun á lọ wo sinimá bí gbogbo ènìyàn, òun á ṣàdédé rí ara òun lójú àwòrán, òun ò sì ní rántí pé òun ṣe é rí! Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ rárá. Ọdún 1933 yẹn náà ni àwọn òṣèré dá ẹgbẹ́ Screen Actors Guild sílẹ̀, Lane sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ náà. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ìwúlò ẹgbẹ́ fún òun.

Olùdarí tó mọ̀ ọ́n lò jù ni Frank Capra. Ó pè é fún Mr. Deeds Goes to Town (1936), You Can't Take It with You (1938), Mr. Smith Goes to Washington (1939), Arsenic and Old Lace (1944) àti It's a Wonderful Life (1946). Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ tú wò, nítorí òṣèré Lionel Barrymore ni ó kojú Lane nínú méjèèjì.

Nínú ti 1938, èyí tó gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ ọdún náà, Lane ni Henderson, òṣìṣẹ́ owó-orí. Barrymore ni bàbá àgbà Vanderhof, tí ó ń fi ọ̀pá rìn, tí kò sì san owó-orí kan rí láyé rẹ̀. Ilé bàbá yìí, ẹnìkan ń jó, ẹnìkan ń tẹ̀wé, àwọn kan ń po ètù tí ń dún gbàù nísàlẹ̀ ilé. Henderson wọlé tòun ti ìwé rẹ̀. Bàbá ní bí òun bá san owó náà, kí ni ìjọba yóò fún òun? Henderson ní àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ńkọ́? Bàbá ní ìgbà tí wọ́n lo ọkọ̀ ogun kẹ́yìn, pẹ̀lú Spéènì, Kúbà ni wọ́n rí gbà, wọ́n sì tún dá a padà. Henderson ní ta ni yóò wá sanwó fún àwọn aṣòfin, fún ààrẹ, fún ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ? Bàbá ní kì í ṣe owó tòun.

Ẹ wo ohun tí Lane ń ṣe nígbà tí bàbá ń dápàárá. Kò fi hàn pé òun mọ̀ pé eré apanilẹ́rìn-ín ni òun wà nínú rẹ̀. Ó gba ìwé ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ bí ìgbà tí onígbàgbọ́ gba Bíbélì gbọ́. Ojú ń le sí i, ohùn ń lọ sókè, títí ó fi di pé òun tí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Bí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ́rẹ́, ẹ̀rín tiwa á kú. Barrymore ni àwọn ènìyàn ń rántí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gbẹ̀fẹ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dùn.

Ọdún mẹ́jọ kọjá, Capra tún kó wọn pọ̀ nínú It's a Wonderful Life. Barrymore ti di Potter, olówó burúkú tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Lane di ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tí ń bá a gba owó ilé. Èèyàn á retí pé kí agbowó ilé le koko mọ́ àwọn ayálégbé. Rárá o, ọ̀gá rẹ̀ gan-an ni ó le mọ́. Ó ní kò kan òun, agbowó lásán ni òun, ṣùgbọ́n kí Potter yé fojú fo àdúgbò tí George Bailey, akọni fíìmù náà, ń kọ́. Ibi tí òun fúnra òun ti ń dọdẹ ehoro tẹ́lẹ̀ ti di ilé kéékèèké tó rẹwà, àwọn tó sì ń gbé inú wọn ni àwọn tó ń san owó ilé fún Potter lánàá. Ohùn gbígbẹ yẹn náà ni, ìkánjú yẹn náà ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó ń sọ báyìí, sétí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Kó tó jáde, ó fi kún un pé lọ́jọ́ kan òun lè lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Bailey. Ojú kan náà tí a fi rẹ́rìn-ín ní 1938 ni ó wá ń gún olówó lára ní 1946. Èyí ni mo pè ní ẹnu ṣóńṣó: Lane kò pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀, ẹni tí ó dojú rẹ̀ kọ nìkan ló yí padà.

Tẹlifíṣàn dé, iṣẹ́ kò dín. Òun àti òṣèré Lucille Ball ti mọra láti àwọn ọdún 1930, ìgbà tí kò tíì sẹ́ni tó ka obìnrin náà sí. Nígbà tí Lucy, tí Ball ń ṣe, fẹ́ bímọ nínú eré tẹlifíṣàn I Love Lucy, ní oṣù kìíní ọdún 1953, ètò tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 44 ènìyàn wò, Lane ni bàbá tó jókòó ti Ricky, ọkọ Lucy, nínú yàrá ìdúró, ẹni tó ti bí ọmọbìnrin mẹ́fà, tó ń retí ọkùnrin. Ẹ ti mọ ohun tí nọ́ọ̀sì wá sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni eré tẹlifíṣàn Petticoat Junction, níbi tó ti ń jẹ́ Homer Bedloe, ọ̀gá rélùwéè tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó wá ọ̀nà láti pa ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tì, èyí tí gbogbo ará ìlú fẹ́ràn. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni ó ń já kulẹ̀, gbogbo ìgbà ni ó sì ń padà wá.

Ṣùgbọ́n òwe wa kò sọ ìyà tí ń jẹ abẹ́rẹ́. Inú Lane kò dùn sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di oníbìínú ayérayé. Ó ní bí o bá ṣe irú ẹ̀dá kan dáadáa lẹ́ẹ̀kan, tí fíìmù náà sì tà, wọn ò ní pè ọ́ fún òmíràn mọ́. Ó rọrùn fún àwọn tó ń yan òṣèré, ó sì jẹ́ ìrẹ́jẹ fún òṣèré. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀dá ni ó ti ṣe lórí ìtàgé, kò sì sí ẹ̀rí pé kò lè ṣe wọ́n lójú àwòrán. Wọn kàn kò bi í. Nílé, aya kan ṣoṣo, Ruth Covell, ni ó fẹ́ ní 1931, wọ́n sì wà pọ̀ títí obìnrin náà fi kú ní 2002, ohun tó lé ní 70 ọdún. Ìyẹn kò jọ Homer Bedloe rárá.

Ní 1995, tó ti di ẹni 90 ọdún, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Fíìmù rẹ̀ ti lé ní 250, láìka ti tẹlifíṣàn. Ní 2005 tó pé 100 ọdún, wọ́n dá a lọ́lá níbi àmì-ẹ̀yẹ TV Land. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún un. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá ń wá òṣèré, òun ṣì wà fún iṣẹ́.

Ó kú sílé rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2007, ní ẹni ọdún 102. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá It's a Wonderful Life, kó fara balẹ̀ dé ọ́fíìsì Potter, kó má sì lọ bu omi mu nígbà tí agbowó ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nítorí kì í pẹ́ jáde.