Aṣọ Méjì Lábẹ́ Ibùsùn Ọmọ

Mọ́síkò, ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹjọ, ọdún 1968.

Òwúrọ̀. Akéwì Natalya Gorbanevskaya tẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta, sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Lábẹ́ ibùsùn ọmọ ni ó kó aṣọ méjì tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí pa mọ́ sí, pẹ̀lú àsíá Czechoslovakia kékeré kan. Òru 20 mọ́jú 21 ni ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ti ya wọ Prague, olú ìlú Czechoslovakia. Wọ́n ti mú Alexander Dubček, olórí orílẹ̀-èdè náà, wá sí Mọ́síkò, wọ́n ń fúngun mọ́ ọn nínú Kremlin. Ìwé ìròyìn Sófíẹ́ẹ̀tì ń pariwo pé gbogbo ará ìlú ló fọwọ́ sí ìkọlù náà. Lójú Natalya, bí ẹyọ ẹnì kan bá ti yọ ara rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlú mọ́.

Agogo méjìlá ọ̀sán. Bí aago Kremlin ṣe ń lù, àwọn mẹ́jọ jókòó sórí òkúta Lobnoye Mesto ní Gbàgede Pupa: Natalya, Larisa Bogoraz, Pavel Litvinov, Konstantin Babitsky, Viktor Fainberg, Vadim Delaunay, Vladimir Dremlyuga àti Tatiana Baeva. Wọ́n na aṣọ wọn. Ọ̀kan kà pé: Nítorí òmìnira yín àti tiwa.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Súfèé dún, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ sáré yọ láti igun gbogbo. Wọ́n já àsíá gbà, wọ́n fa aṣọ ya, wọ́n lu Fainberg títí eyín rẹ̀ fi ká. Wọ́n kó àwọn yòókù lọ.

Wọ́n wá fi Natalya sílẹ̀ láàárín èrò. Ibí yìí ni ọkàn mi kì í kúrò. Ariwo ti jí ọmọ, ṣùgbọ́n kò ké. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ fún un lójú gbogbo èèyàn, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí sì bá a dì í mú. Ta ni obìnrin náà? Ó mọ̀ pé ojú ń wo òun, síbẹ̀ ó na ọwọ́.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ọkọ̀ kan dé, wọ́n ti tìyá tọmọ wọ̀ ọ́. Natalya kígbe gba ojú fèrèsé pé kí Czechoslovakia olómìnira kó pẹ́. Obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ gbá a lẹ́nu.

Nígbà tí ó yá, wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ní ọjọ́ 28 ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè, ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ rán márùn-ún nínú wọn lọ sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n tàbí ìgbèkùn. Fainberg kò dé kọ́ọ̀tù. Ilé ìwòsàn àwọn wèrè ni wọ́n gbé e lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, wọ́n padà wá mú Natalya, wọ́n sì fi òun náà sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1972.

Agogo méjìlá ọ̀sán, 25 oṣù Kẹjọ, ọdún 2013. Natalya ti pé ẹni ọdún 77. Ó dúró sí ibi kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lára aṣọ. Ọlọ́pàá dé, wọ́n kó lára àwọn tó bá a wá sínú ọkọ̀.