Ta Ló Ń Sọ fún 911 Pé Kó Lọ Sinmi? Ìtàn Ọkọ̀ Dísù l'Abuja

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀: ọdún mélòó ló yẹ kéèyàn lo ọkọ̀ dísù kó tó pààrọ̀ rẹ̀? Ẹnìkan ní ọdún mẹ́wàá. Ṣe ni àwọn tó ní típà láàárín wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bá a ṣe mọ̀ ọ́n, torí ìtàn ìlú yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Ní August 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ olú-ìlú, ọmọ wa, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ló sì jẹ́ alága rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí olú-ìlú kúrò l'Ékòó, òfin sì jáde ní February 1976. Abúlé àwọn Gbagyi, oko àti àpáta ló wà níbí nígbà náà. Kí ló wá kó yanrìn, òkúta àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ìlú? Ọkọ̀ dísù ni. Láti 1980, ANAMMCO l'Enugu ń to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes pọ̀. Leyland wà n'Ìbàdàn tiwa, Steyr wà ní Bauchi. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù ni 911.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńkọ́? Ti bẹntiróòlù ló pọ̀ jù, bíi 504 tí wọ́n ń ṣe ní Kaduna láti 1975. Owó ìrànwọ́ ìjọba mú kí bẹntiróòlù rọjú, ta ló máa wá ra ayọ́kẹ́lẹ́ dísù? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bá a bá pe ọkọ̀ dísù lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó ń wá oúnjẹ ilé la ń sọ.

Nígbà náà, ẹni tó bá ríṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lè pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1985, owó dọ́là kan ò tó naira kan. Àmọ́ SAP dé ní 1986, nígbà tó fi máa di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi naira mẹ́rin. Ọkọ̀ akẹ́rù tuntun bá di àlá. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni "tún un ṣe" ti gba ipò "pààrọ̀ rẹ̀". Nígbà tí ìjọba kó wá síbí ní 12 December 1991, ọkọ̀ tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì ń wà.

911 náà sì gbà fún un. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, OM 352, sílíńdà mẹ́fà ló ní, lítà 5.7, kò ní pílọ́ọ̀gì, kò ní kọ̀ǹpútà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ l'Apo lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi. Èéfín ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá dúdú, wọ́n á yẹ pọ́ǹpù àti nọ́súlù wò. Bó bá pọ́n bí aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó níbẹ̀ yẹn, rínngì ti jẹ. Bó bá wá di pé láràárọ̀ ni wọ́n ń tì í kó tó ṣiṣẹ́, ó parí. Wọ́n á gbẹ́ sílíńdà, wọ́n á fi písítìnnì àti rínngì tuntun sí i, ó tún di ọkọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i. Orí lè jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, gíà náà bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní 1982, kí ló kù níbẹ̀ tó jẹ́ ti 1982? Ẹ ò rí i pé ìbéèrè "ọdún mélòó" ò rọrùn.

Tòkunbọ̀ yìí náà ní ìtàn tiẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la gbé fún ọkọ̀, ó sì bá a mu, àfi pé ọmọ tó ti dàgbà kó tó dé ni. UNEP sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kékeré ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sì wá sí Áfíríkà. Ọdún 15 ni òpin tí àwọn aṣọ́bodè wa ń lò fún ọkọ̀ tó ń wọlé tẹ́lẹ̀, ó ti wá di 12 báyìí. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn yẹn ti lò tán la ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀.

A ò lè fi èéfín yẹn ṣeré o. Ní 2012, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn ọmọ wa tó ń dúró de ọkọ̀ ní Nyanya láàárọ̀ ló ń fà á símú. Ta ló máa wá dá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró? Ní 2 October 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ níbí dájọ́ pé VIO ò láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, gbà á tàbí bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Inú ọ̀pọ̀ awakọ̀ dùn, tiwa náà dùn, ká má parọ́. Síbẹ̀, èéfín ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń lé 911 kúrò lójú pópó. Owó epo ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, dísù ò tó ₦300 ní lítà kan; kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá ₦800. Ẹrù tí wọ́n ń gbé ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onítípà gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà, kì í ṣe pé ọkọ̀ bàjẹ́. Nígbà tí bẹntiróòlù náà fi máa di ₦1,030 l'Abuja ní October 2024, ẹni tó tà dísù kó lè ra ti bẹntiróòlù ò mọ èwo ni ṣíṣe mọ́.

Ọ̀kan nínú wa ta típà tiẹ̀ fún àwọn baban bola ní ìparí 2022, lẹ́yìn tó ti fi rán ọmọ mẹ́ta ní yunifásítì. Wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì fi kílò wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni ò jẹ́ kí wọ́n gbé. Inú 911 ẹlòmíì ló wà báyìí ní Kuje, yanrìn ló ń kó.