Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Ti Èèyàn àti Ti Ẹrù

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ní Mùṣín l'Ékòó, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù méjì ló wà. Oníṣòwò á wọ bàálù n'Íkẹjà, tí kò jìnnà sí Mùṣín rárá, á fò nǹkan bí 5,000 kìlómítà, á sì balẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sí méje. Ẹ́ńjìnnì tó lọ rà á máa bọ̀ lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà lèèyàn àti ẹrù jọ ń tọ̀ nígbà kan.

Ọdún 1852 ni African Steam Ship Company ti Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ elééfín gbé lẹ́tà láti Ìlú Ọba wá sí etíkun wa. Elder Dempster gbapò wọn nígbà tó yá. Ọkọ̀ wọn tí àwọn bàbá wa tó lọ kàwé kì í gbàgbé ni MV Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951: nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá láti Liverpool dé Àpápá, tòun ti yíyà ní Las Palmas àti Freetown.

Bàálù gan-an ò kọ́kọ́ mọ ọ̀nà àbùjá. Imperial Airways, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Èkó ní 1936, àmọ́ Íjíbítì àti Khartoum ló kọ́kọ́ forí lé, kó tó ṣẹ́rí padà síwọ̀ oòrùn gba Kánò. Lẹ́yìn ogun Hítílà ni BOAC, tó gbapò rẹ̀, wá ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, láti Tripoli sí Kánò.

Lẹ́yìn náà ni bàálù VC10 dé. Orí ilẹ̀ gbígbóná tí pápá rẹ̀ kò gùn, irú tilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ní 29 oṣù Kẹrin 1964, nígbà tó kọ́kọ́ gbé èrò tó sanwó, Èkó ni BOAC rán an wá. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni eré parí. Kò sí bàálù akérò kankan lọ́nà yìí lónìí tó fi bẹ́ẹ̀ yára jù ú lọ. Epo ni àwọn tó ń ṣe bàálù ń wá bí wọn yóò ṣe fi pamọ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bàálù Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹta 2024, iye owó tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ariwo dá lé. Ta ló tilẹ̀ béèrè wákàtí?

Aureol ṣíwọ́ kíkó èrò ní 1974. Èèyàn fi òkun sílẹ̀ fún ẹrù, kánjúkánjú sì bá wọn lọ. Wọ́n lè já kọ̀ntéínà sílẹ̀ ní èbúté míì kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tó wá gbé e. Tó bá wá gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can l'Ékòó tán, ìwé, owó bodè àti àyẹ̀wò ń dúró dè é. Ó lè lò ju ọjọ́ mẹ́tàlá Aureol lọ ní èbúté nìkan, kí tírélà tó gbé e kọjú sí òpópó Òṣòdì, níbi tí Ládìpọ̀ wà.