Yíya fọ́tò àwọn àṣá kéékèèké láti ìtòsí

Yíya fọ́tò àṣá kéékèèké láti ìtòsí jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ fọ́tò ẹyẹ ìgbẹ́. Ẹyẹ náà kò sí nínú àgò, kò sì sí lọ́wọ́ ọlọ́sìn. Ayàwòrán ní láti wà ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ sí i láìjẹ́ kí ó fò lọ. Ní Bìrìtéènì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti pẹ́, kestrel, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Falco tinnunculus, ni wọ́n sábà máa ń yà. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 32 sí 35. Ó wà ní Nàìjíríà náà, níbi àwọn òkè olókùúta. Merlin, àṣá mìíràn, kéré jù ú lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì sábà máa ń yé ẹyin sí.

Ìtàn

Ní 1892, Richard Kearton àti Cherry àbúrò rẹ̀, ọmọ Yorkshire, ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ kan tòun ti ẹyin. Ìwé wọn, British Birds' Nests, jáde ní 1895. Kí ẹyẹ má baà fura, wọ́n ta awọ màlúù bo egungun igi, ayàwòrán á sì wọ inú rẹ̀ ti òun ti kámẹ́rà. Lẹ́yìn wọn ni Eric Hosking (1909–1991), ẹni tí òwìwí fi èékánná ba ojú òsì rẹ̀ jẹ́ ní 1937. Ojú náà fọ́, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ibùba

Ibùba ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, ju kámẹ́rà lọ. Àgọ́ aṣọ kékeré ni, tó ní ihò fún lẹ́ńsì. Wọn kì í pa á sẹ́bàá ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa sún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì máa wò ó bóyá ìyá ẹyẹ ń padà sídìí ọmọ rẹ̀. Bí kò bá padà, àgọ́ ló gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Kestrel máa ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 27 sí 29. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í dé ìdí ìtẹ́ lásìkò náà. Ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, tí òbí kò ní tètè kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń ki ìgò sínú ihò àgọ́ ṣáájú, kí ojú ẹyẹ lè mọ́ ohun tó yọ síta. Ènìyàn méjì ló sì ń wọlé: ọ̀kan á jókòó, èkejì á jáde ní gbangba. Ẹyẹ tó rí ẹni tó lọ á gbà pé ibẹ̀ ti dá. Ẹnì kejì yìí kan náà ló gbọ́dọ̀ wá mú ayàwòrán jáde. Mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú lè di ibùba.

Lẹ́ńsì àti atẹ́gùn

Bí lẹ́ńsì 500 mm bá wà ní mítà 6 sí ẹyẹ, ohun tí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ 36 mm ń rí kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 43 lọ. Kestrel kan ti kún un. Bí ihò lẹ́ńsì bá wà ní f/4, ibi tó hàn kedere kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 lọ. Nítorí náà, ẹyinjú ni wọ́n ń fojú sùn, kí ìrù ṣe bàìbàì bó bá wù ú.

Kestrel tó ń rà bàbà máa ń kọjú sí atẹ́gùn. Ìyẹ́ rẹ̀ ń lù, orí rẹ̀ dúró gbọn-in. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí atẹ́gùn àti oòrùn pọ̀ yóò rí ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Orí àpáta etí òkun ló dára jù, nítorí atẹ́gùn tó ń gun àpáta máa ń gbé ẹyẹ dúró ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú ènìyàn.

Oúnjẹ ìfamọ́ra

Àwọn kan ń fi òkú eku sórí òpó kí àṣá lè wá. Ẹnu kò kò lórí èyí. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó lè ran ẹyẹ lọ́wọ́ nígbà òtútù. Àwọn tó lòdì sí i ní ó lè mú kí ó má bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí wọ́n ti ṣe é àti iye ìgbà tí wọ́n ń ṣe é wà lára ohun tó ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀.

Òfin

Òfin Bìrìtéènì ti 1981 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti yọ merlin lẹ́nu nídìí ìtẹ́ láìgba ìwé àṣẹ, irú èyí tí Natural England tàbí NatureScot ń fúnni. Kestrel kò sí nínú àkójọ àwọn ẹyẹ tí èyí kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbà tó ń lò ó.