Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Mítà Wà? Ìtàn Gáàsì àti Omi Nínú Ilé Ayálégbé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó ń gbé inú ilé ara rẹ̀. Owó gáàsì àti owó omi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba yàrá háyà rí mọ̀ pé owó ilé nìkan kọ́ ni ayálégbé ń san. Owó mìíràn tún ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí í máa yọ́ wọlé bí olè. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ó ti mú ìtàn wa, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó lọ kàwé ti kọ́kọ́ bá mítà gbé inú yàrá kan náà.

Ní ọdún 1812 ni ilé-iṣẹ́ Gas Light and Coke Company gba ìwé àṣẹ láti máa ta gáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ara èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú gáàsì jáde nígbà náà. Wọn a gbé èédú sínú ìkòkò irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọn a fi iná sí i lábẹ́, wọn a gba ohun tí ó bá rú jáde, wọn a fọ̀ ọ́ mọ́, wọn a sì fi páìpù gbé e gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé àwọn oníbàárà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí mítà. Iye àtùpà tí ó wà nínú ilé àti iye wákàtí tí a ṣàdéhùn láti fi tàn án ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Ẹni tí ó bá sọ pé aago mẹ́sàn-án ni òun yóò pa iná, tí ó sì jẹ́ kí ó máa jó títí di ọ̀gànjọ́, ti rẹ́ wọn jẹ. Mítà ni wọ́n fi wá dí ihò yìí. Ẹni tí ó bá mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ kò ní ṣàì mọ bí mítà gáàsì ṣe ń ṣiṣẹ́: àpò awọ wà nínú rẹ̀ tí gáàsì ń kún tí ó sì ń tú jáde, bí ó ti ń wú tí ó ń fọ̀ ni ó ń yí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ń ka iye gáàsì tí ó kọjá.

Fún ìgbà pípẹ́, ilé olówó ni gáàsì ń wọ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń mú ìwé owó wá, òṣìṣẹ́ tí ó sì ń gba owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ. Nígbà tí ọdún 1890 yóò fi dé, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣe mítà tí ènìyàn lè sọ pẹ́nì kan sí lẹ́nu kí ó tó tú gáàsì sílẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e ni mítà olówó-ṣáájú yìí tàn ká ilé àwọn tálákà. Ó yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: òun ni ó jẹ́ kí ìyàwó òṣìṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èédú àti eérú. Ṣùgbọ́n tálákà ni ó ń san owó kí ó tó jẹun, olówó ń jẹun tán kí ó tó sanwó, owó tálákà ni ó sì sábà máa ń wọ́n jù. Ilé-iṣẹ́ gáàsì máa ń to kẹ̀kẹ́ mítà náà kí owó rẹ̀ lé díẹ̀. Nígbà tí agbowó bá dé láti kó owó inú rẹ̀, yóò kà á sórí tábìlì lójú ìyá ilé, yóò sì dá èyí tí ó lé padà fún un. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ka owó tí agbowó bá dá padà yìí sí bí èsúsú.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Nínú ilé tí onílé gé sí yàrá yàrá ni. Mítà ilé-iṣẹ́ gáàsì wà nísàlẹ̀ ilé, onílé ni ó ń san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni onílé fi mítà kékeré tirẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ń gba ṣílè, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Òun ni ó ń to kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe é, bí olùkọ́ ti í ṣe. Bí onílé bá to mítà náà kí ṣílè kan, tí í ṣe pẹ́nì méjìlá, máa tú gáàsì tí òun fúnra rẹ̀ ra ní pẹ́nì mẹ́jọ sílẹ̀, tí ayálégbé sì sọ ogún ṣílè sí i lóṣù, gáàsì ṣílè 13 àti pẹ́nì 4 ni ó rí lò. Ṣílè 6 àti pẹ́nì 8 ti di ti onílé, láìsí pé ó fi kún owó ilé. Kò sì sí agbowó kankan tí yóò wá ka owó sórí tábìlì.

Kí ni àwọn ọmọ wa ṣe sí i? Àwọn kan yóò ní kí ni kò jẹ́ kí wọ́n bi onílé léèrè. Ẹ má gbàgbé ìdí tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládiípọ̀ Ṣólànkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, fi ṣí ilé ibùgbé ní Camden Road ní 1933: àwọn onílé kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní 1965 kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Ti 1968 ni ó kàn án. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú ní ilé mẹ́wàá, tí ó wá rí yàrá kan níkẹyìn, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé mítà yìí ń yára jù? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dọ́gbọ́n. Wọ́n ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbé sítóòfù kẹrosíìnì sáàrin yàrá. Wọ́n ń lọ kàwé ní ilé ìkàwé ìlú títí wọn yóò fi tì í, kí ooru ibẹ̀ lè sìn wọ́n dé orí ibùsùn.

Ewu gidi sì wà níbẹ̀. Bí owó bá tán tí iná kú, tí ẹni tí ó ń sùn kò rántí pa ẹnu ẹ̀rọ náà dé, tí ẹlòmíràn sì sọ ṣílè sí mítà, gáàsì yóò máa tú jáde láìjó. Gáàsì èédú ní carbon monoxide nínú, a sì máa pa ènìyàn lójú oorun. Láàrin 1967 sí 1977 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà sí gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá, tí kò ní májèlé yìí nínú.

Ọ̀rọ̀ omi yàtọ̀. Ilẹ̀ tiwa mọ ìjà rẹ̀ dáadáa. Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Egerton ń gbèrò omi ẹ̀rọ fún Èkó, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Àwọn ará Èkó ní kànga, wọn kò sì rí ìdí tí a ó fi máa gba owó orí omi lọ́wọ́ wọn. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn ní 1915, ìjà lórí owó rẹ̀ kò sì parí lọ́dún náà. Omi kì í ní ọ̀tá, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Agbowó omi ni ó ní in.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé ti níye lórí tó ni wọ́n fi ń bu owó omi, kì í ṣe bí a ti lò ó tó. Lẹ́yìn tí wọ́n ta àwọn ilé-iṣẹ́ omi fún aládàáni ní 1989 ni mítà omi bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ gbé mítà olówó-ṣáájú wá fún omi pàápàá, tí omi yóò dá bí owó bá tán. Ilé-ẹjọ́ gíga sọ ní 1998 pé kò bófin mu, òfin ọdún 1999 sì fi òpin sí gígé omi ilé ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè. Òfin yẹn kan náà ni ó jẹ́ kí onílé tàbí ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ tó oṣù mẹ́fà lè béèrè mítà omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó dá gbé yàrá kan nínú ilé tí ó níye lórí a máa rí i pé owó rẹ̀ dínkù. Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́fà kò gbọdọ̀ sáré béèrè.

Ní ti gáàsì, láti oṣù kìíní ọdún 2003 ni àṣẹ Ofgem ti sọ pé onílé tí ń tún gáàsì tà fún ayálégbé kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí òun rà á lọ. Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ó ti ṣírò rẹ̀. Kí ó kọ nọ́ńbà tí ó wà lójú mítà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé, kí ó sì tún kọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó ń kó jáde. Àfikún owó tí àwọn onímítà olówó-ṣáájú ń san, ọdún 2023 ni ìjọba tó mú un kúrò. Ní ọdún yẹn náà ni Ofgem dá fífi ipá gbé irú mítà bẹ́ẹ̀ sílé onígbèsè dúró fún ìgbà díẹ̀. Omi kò ṣeé gé mọ́. Gáàsì inú mítà olówó-ṣáájú kò ní ẹni tí ń gé e. Bí owó bá ti tán, iná a kú fúnra rẹ̀.