Ohun Tí A Bá Fi Kọ́ Ara Ni Ara Ń Mọ̀

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a tẹ̀lé bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa lọ sí oko lẹ́yìn Adégbayì. Ebè mẹ́wàá péré ni a kọ tí a fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá, ẹni 70 ọdún, ń kọ tirẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́. Ojú tì wá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ìbàdàn yìí, lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò, bá Gene Fullmer ti Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní pápá ìṣeré Liberty, kí ipò olúborí àgbáyé má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tiger ni ó dàgbà jù: ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ọdún 34, Fullmer sì jẹ́ 32. Abala 15 ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkeje, Fullmer kò jáde mọ́.

Ọgbọ́n ìjà wà níbẹ̀ o, àmọ́ ara tí a kò kọ́ kò lè gbé ọgbọ́n náà dúró. Bí a bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, iṣan á máa béèrè afẹ́fẹ́. Ọkàn á máa lù kíkankíkan, òógùn á máa bọ́ kí ara lè tutù. Ti ọjọ́ kan nìyẹn. Bí a bá ń ṣe é léraléra, ọkàn á lágbára, á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní máa yára lù tó ti tẹ́lẹ̀ bí a bá jókòó. Ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, tó ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Kì í ṣe abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nìkan ni èyí kàn. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kì í ní àrùn ọkàn tó àwọn dírẹ́bà tó jókòó.

Ọkọ́ ni àtẹ̀gùn ti bàbá wa. Àwa ńkọ́, tí a ń gun ọ̀kadà láti oríta dé ẹnu ọ̀nà ilé? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí a fẹsẹ̀ rìn lọ́la.