Ajẹ́lẹ̀ Inú Kíláàsì: Ẹ̀kọ́ Ogun Kírìjì fún Ọmọ Iléèwé

Ẹni tó bá gba Aramọkọ lọ sí Ìkógòsì-Èkìtì, omi gbígbóná tó ń pàdé omi tútù ló sábà máa ń lọ wò. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí pé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ni Òkè-Ìmẹ̀sí wà, ìlú Fábùnmi akọni. Ìtàn Fábùnmi la fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tó ń kó ìdààmú bá òbí jákèjádò ilẹ̀ yìí: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn láàárín láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló sú ará ìlú. Ìwà ajẹ́lẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló burú jù: wọ́n ń kó ẹran ọlọ́sìn àti irè oko olóko, wọ́n ń tàbùkù àgbà lójú ọmọ rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, kò fi ìwà yìí pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni.

Dan Olweus, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Norway, kọ́ ayé pé àmì mẹ́ta la fi ń dá irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹni tí a ń fìyà jẹ kò sì lágbára tó ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ẹ fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn ajẹ́lẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé wọ́n bá a mu. Ìjà ọmọdé méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí wọ́n sì parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ kan máa gba owó oúnjẹ ọmọ mìíràn lójoojúmọ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀sín, kí gbogbo kíláàsì pa á tì, tàbí kí wọ́n máa bú u lórí WhatsApp, ajẹ́lẹ̀ ti dé inú kíláàsì nìyẹn.

Báwo ló ṣe fìdí múlẹ̀ ní iléèwé wa? Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá iléèwé gíga sílẹ̀, irú Christ's School tí Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, àpẹẹrẹ iléèwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àṣà ni kí ọmọ kékeré máa ṣe ìránṣẹ́ fún ọmọ ńlá ní ilé ìgbé. Thomas Hughes kọ ìwé ìtàn àròsọ kan nípa iléèwé Rugby ní 1857, ìkà tí ọmọ ńlá ń ṣe fún ọmọ kékeré sì wà nínú rẹ̀ kedere. Irú àṣà yìí rí ilẹ̀ rọ̀ sí lọ́dọ̀ wa: ọmọ kíláàsì kìíní ń pọnmi, ó ń fọṣọ, sínọ̀ sì ń jẹ gàrí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń sọ pé ìyà náà ló sọ àwọn di ènìyàn, àti pé bíbọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà ní ẹrù tirẹ̀: kí ó dáàbò bo èyí tó kéré sí i.

Ní 1878, sùúrù tán ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn ìlú tí ìyà kan náà ń jẹ sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n tó parapọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá ìyà tirẹ̀ jẹ. Nígbà tí wọ́n di Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì ṣe olórí ogun wọn, apá Ìbàdàn kò ká wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo fún àwọn ọmọ wa: ẹ̀san kì í ṣe ohun kékeré. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, ọdún 1893 ni ibùdó ogun tó tú. Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀, kì í ṣe jagunjagun. Samuel Johnson fúnra rẹ̀ àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: kí ẹni tí ìyà ń jẹ má dá a jẹ, kí ẹni tó lágbára láti dá sí i má sì ṣe ìwòran. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò kan tàn ká láti iléèwé aládàáni kan ní Àbújá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń gbá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn létí léraléra. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀, fóònù sì ń ká a sílẹ̀. Ní Norway, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn ní ìparí 1982 nítorí irú ìyà yìí, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo iléèwé ní 1983. Olweus tọpinpin iléèwé 42 ní Bergen, ó sì rí i pé ìyà náà dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Òfin kíláàsì tó ṣe kedere, olùkọ́ tó ń ṣọ́ àgbàlá lákòókò ìsinmi, àti òbí tí a pè sí ìjókòó wà lára ohun tó ṣe é.

Kí ni kí a wá kọ́ ọmọ? Kí ó sọ ní ohùn tó dúró pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó má gbẹ̀san. Kí ó sọ fún àgbàlagbà kan. Bí ẹni náà kò bá kà á sí, kí ó lọ sọ fún ẹlòmíràn. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a rìn, nítorí ẹni tó dá wà ni ajẹ́lẹ̀ ń wá. Bí inú bá ń run ọmọ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, bí ìwé rẹ̀ bá ń sọnù, tí aṣọ rẹ̀ ń ya, kí òbí fi pẹ̀lẹ́ bi í, kí ó má pè é ní ọ̀lẹ. Kí olùkọ́ gbọ́ tẹnu oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má sáré ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ tó ń fìyà jẹni náà nílò ìbáwí àti ìtọ́sọ́nà: ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa ṣe ajẹ́lẹ̀ lé òun náà lórí nílé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á lára tàbí ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Kò yẹ kí ọmọ ilẹ̀ tó kọ ajẹ́lẹ̀ dúró de ọdún mẹ́rìndínlógún kí àlàáfíà tó dé kíláàsì rẹ̀.